Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá erékùṣù yín ń kún tàbí ó ń ṣófo: ìtọ́sọ́nà fún àwọn akọ̀wé ìlú lágbègbè Àgbádárìgì

Bí ẹ bá bi agbẹ̀bí kan ní erékùṣù tó wà lódìkejì ọ̀sà sí Àgbádárìgì pé ṣé èrò ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wọn, á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Bí ẹ bá bi ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti Marina, etí omi Àgbádárìgì, á ní wọ́n ń tán lọ ni, torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé báàgì sọdá pọ̀ ju àwọn tó ń gbé e padà lọ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí a ṣe ń kó ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sínú ìṣirò kan ṣoṣo, kí ìlú lè mọ ibi tó dúró kó tó lọ béèrè kíláàsì, nọ́ọ̀sì tàbí èbúté tuntun lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Akọ̀wé CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) lè ṣe iṣẹ́ yìí, tíṣà lè ṣe é, ọ̀dọ́ tó mọ̀wé tí kò sì ń bínú tètè náà lè ṣe é. Ìwé ńlá méjì tí èèpo wọn le, bírò, ṣọ́ọ̀kì àti fóònù tó ní ẹ̀rọ ìṣirò ti tó. Ìṣirò náà nìyí:

Àwọn tó wà níbẹ̀rẹ̀ ọdún + àwọn tí wọ́n bí − àwọn tó kú + àwọn tó kó wọlé − àwọn tó kó jáde = àwọn tó wà lópin ọdún.

Ní orílẹ̀-èdè ńlá bíi Nàìjíríà, ìbí àti ikú ló ń darí nọ́ńbà yìí. Ní erékùṣù kékeré, ọkọ̀ ojú omi sábà máa ń lágbára ju ìkúnlẹ̀ abiyamọ lọ. Ẹ wo Niue, erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì. Ní 1966, àwọn ará ibẹ̀ ju 5,000 lọ. Lónìí wọn kò tó 2,000, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Niue tó ń gbé New Zealand ti ju 30,000 lọ. Àrùn kọ́ ló pa wọ́n, wọn kò sì ṣíwọ́ ọmọ bíbí. Wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú ni. Ti Tuvalu tún wà níbẹ̀, orílẹ̀-èdè tí kò ju nǹkan bí 11,000 ènìyàn lọ. Àdéhùn kan tí òun àti Ọsirélíà ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, ó sì fún ènìyàn 280 láyè láti kó lọ sí Ọsirélíà lọ́dọọdún. Ẹ pín in: ó tó nǹkan bí ènìyàn 25 nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, lọ́dún kan. Ìlú tí ìbí rẹ̀ fi ń ju ikú lọ tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lágbàáyé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ka ọmọ tuntun nìkan, tó pa èbúté tì, kò tíì wọn nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ta ni ẹ máa kà?

Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́, torí ó dà bí ẹni pé ìdáhùn rẹ̀ ti hàn. Kò tíì hàn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ka gbogbo ẹni tó sun ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan pàtó, àtàlejò àtonílé. Ẹ sì lè ka àwọn tí ibẹ̀ jẹ́ ibùgbé wọn, yálà wọ́n wà nílé lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí wọn kò sí. Fún ìlú kékeré, èkejì ni mo fara mọ́. Bí ẹ bá lo ti àkọ́kọ́, tí ìjọ kan sì wá ṣe ìṣọ́ òru létí òkun lọ́jọ́ náà, èrò yín ti fi igba ènìyàn lé sí i láìsí ìkókó kan nílẹ̀.

Òfin tó rọrùn ni ti oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ti gbé erékùṣù náà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé tó sì ní in lọ́kàn láti gbé tó bẹ́ẹ̀, ará ibẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti kúrò fún oṣù mẹ́fà, kódà kí ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ kí ó sì máa fi owó ránṣẹ́ sílé, kì í ṣe ará ibẹ̀ nínú ìwé yín. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun àwọn ẹbí. Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ìwé èrò ni ẹ ń kọ, kì í ṣe ìwé ogún.

Ẹ wá lo òfin náà fún àwọn tó le. Apẹja tó ń tẹ̀lé ẹja, tó ń lo oṣù mẹ́rin ní ilẹ̀ mìíràn tó sì ń padà wálé: ẹ kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ajara títí ọdún fi parí, tó ń wálé nígbà ọlidé nìkan: ẹ má kà á. Ìyá tó ń tajà lọ́jà Agbalata tó ń sun ìlú lọ́jọ́ ọjà: ẹ kà á. Ọkùnrin tó ní ìyàwó kan ní erékùṣù àti òmíràn ní Iworo: ibi tó ti ń sùn jù ni kó wà, ibì kan péré. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní ibi méjèèjì dọ́gba, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó. Ìdáhùn tirẹ̀ ló sábà máa ń sún mọ́ òótọ́.

Ìdílé ni àwọn tó ń jẹun láti inú ìkòkò kan. Agbo ilé kan lè ní ìdílé mẹ́rin.

Ìbí àti ikú gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin kan náà. Ìyá ni ọmọ ń tẹ̀lé. Aboyún erékùṣù tó bímọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Àgbádárìgì, tàbí tó sọdá Sẹ̀mẹ̀ lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ọmọ erékùṣù ló bí. Ọmọbìnrin yín tó ti relé ọkọ ní Ìkòròdú, tó wá bímọ sílé kí ìyá rẹ̀ lè bá a wẹ̀ ẹ́, ọmọ Ìkòròdú ló bí. Ẹ bá wọn jẹun ìkómọ, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́. Òkú tí wọ́n gbé wá sin láti Èkó kì í ṣe ikú erékùṣù. Ti bàbá àgbà tó ṣàìsàn, tó kó ẹrù rẹ̀ wálé pátápátá kó tó dákẹ́, yàtọ̀: ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí àwọn tó kó wọlé, lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ́ sí àwọn tó papò dà. Ìdí ni pé àwọn tó wà lókè ìlà ìpín àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ènìyàn kan náà. Bí ẹ bá ń ka gbogbo òkú tí wọ́n sin sí ìlú lé orí kìkì àwọn tó ń gbé ìlú, ikú yín á pọ̀ ju ti ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ̀ lọ.

Ẹ kọ òfin wọ̀nyí sí ojú ewé kìíní ìwé yín, kí ẹni tó máa gbapò lọ́wọ́ yín má bàa fi òfin tirẹ̀ kà.

Ẹ má sì pe iṣẹ́ yìí ní ìkànìyàn lójú gbogbo ayé. Òfin orílẹ̀-èdè wa fi ìkànìyàn sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, àjọ tó ń rí sí i sì wà. Àwa ará Èkó mọ ohun tó ń tẹ̀lé bí ẹni méjì bá ka ìlú kan: ní 2006, àjọ náà ní ènìyàn 9,113,605 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ ní 17,552,942 ni. Ní Àgbádárìgì nìkan, ọ̀kan ní 241,093, èkejì ní ó ju 380,000 lọ. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ìkànìyàn mìíràn. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ẹ pe tiyín ní ìwé orúkọ ará ìlú, kí ẹ sì sọ fún baálẹ̀ àti káńsílọ̀ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwòrán ilẹ̀ àti ọjọ́ kan

Ẹ rìn yí erékùṣù ká, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí páálí ńlá: èbúté, ọ̀nà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, igbó àgbọn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí gbogbo ilé, títí kan èyí tí wọ́n tì, ahéré àwọn apẹja létí omi, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí wòlíì ń sùn, àti àgọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀ onílẹ̀. Ahéré etí omi ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ ló sì kún ibẹ̀ jù.

Ẹ mú ọjọ́ kan tí gbogbo ìwé yín máa dá lé, ká sọ ọjọ́ kìíní oṣù kan. Kódà bí kíkà náà bá gba ọ̀sẹ̀ méjì, ìbéèrè yín ni: ta ló jẹ́ ará ilé yìí ní ọjọ́ kìíní? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ karùn-ún kò sí níbẹ̀. Bàbá tó kú lọ́jọ́ kẹta wà níbẹ̀. Ẹ yàgò fún Kérésìmesì, Àjíǹde, Iléyá àti àsìkò ọdún ìbílẹ̀. Ẹ sì béèrè kí ẹ tó mú ọjọ́, kí ó má lọ bọ́ sí alẹ́ tí Zàngbétò, eégún àwọn Ẹ̀gùn tó ń ṣọ́ ìlú lóru, bá ń jáde. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yín kò ní rìn, àwọn onílé kò sì ní ṣílẹ̀kùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí a ṣe ń wọlé, bí a ṣe ń béèrè

Ẹ rán ènìyàn méjì papọ̀, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí ọ̀kan sì gbọ́ Ẹ̀gùn dáadáa. Yorùbá nìkan kò tó ní etí òkun wa.

A kì í ka ọmọ fún olọ́mọ. Ẹni tó bá wọlé tó ní, “Màámi, ọmọ mélòó lẹ ní?” ti ba iṣẹ́ ọjọ́ yẹn jẹ́. Orúkọ ni kó béèrè, kì í ṣe iye: “Ẹ bá wa dárúkọ gbogbo ẹni tó ń jẹun nílé yìí, ká bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá.” Kó máa kọ wọ́n lọ, kó má kà á síta. Ìgbà tó bá débi àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ ló lè kà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, orúkọ ìyá, ibi tó ń gbé ní ọdún kan sẹ́yìn. Ẹ má fojú kéré ìbéèrè ìkẹyìn yìí, òun ni ó máa sọ ẹni tó kó wọlé fún yín.

Fún obìnrin tó ti tó ọmọ ọdún 15, ìbéèrè mẹ́ta wà tí ẹni tó jẹ́ obìnrin gbọ́dọ̀ béèrè nìkan, lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin bá ti bọ́ síta. Àwọn ọmọ yín tó ń gbé pẹ̀lú yín ńkọ́? Àwọn tó ń gbé níbòmíràn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ǹjẹ́ ẹ ti bí ọmọ kan rí tó ké tàbí tó mí, tí kò wá dúró? Ọmọ tó kú kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé, tí wọn kò tíì sọ lórúkọ, kò ní jáde láé bí wọn kò bá fi ọ̀rọ̀ báyìí béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ikú ọmọ jòjòló ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ti kú kí wọ́n tó bí i ní òpó tirẹ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí tó ké. Ìbéèrè mẹ́ta yìí kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Orí irú wọn ni William Brass, onímọ̀ ìṣirò ará Scotland, gbé ọ̀nà tó fi ń wọn ikú ọmọdé kà, fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ìwé ìbí àti ikú wọn kò pé, a sì ń lò ó káàkiri ayé títí di òní.

Ọjọ́ orí tún jẹ́ wàhálà tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a fẹ́ràn 30, 35, 40. Ẹ lo ìtàn láti fi wá a: ṣé wọ́n ti bí yín nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967? Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní 1972, tàbí ìgbà tí pọ́ùn di náírà ní 1973? FESTAC 1977 ńkọ́? Júnù 12 1993? Fún ìkókó àti ọmọ kékeré: kónílé-ó-gbélé kòrónà ní 2020, ọ̀wọ́n owó tuntun níbẹ̀rẹ̀ 2023, ìgbà tí wọ́n yọ ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ dán an wò. Ẹ mú gbogbo ẹni tó wà láàárín ọdún 23 sí 62, kí ẹ wo iye àwọn tí ọjọ́ orí wọn parí sí 0 tàbí 5. Ẹnìkan nínú márùn-ún ló yẹ. Bí ẹ bá rí 160 nínú 500 dípò 100, wọ́n ń fojú díwọ̀n fún yín ni. Ẹ má lo ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ìṣirò mọ́, ẹ kó wọn jọ ní ọdún márùn-ún márùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé méjì fún ìbí àti ikú

Kò sí ìwé kan ṣoṣo tó ń mú gbogbo ìbí àti ikú. Òfin ọdún 1992 sọ ọ́ di dandan láti forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn, ó sì fún ìbí ní ọgọ́ta ọjọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi lówó, ọ́fíìsì sì wà lódìkejì omi.

Ẹ ní ìwé A: ohun tí àwọn agbẹ̀bí, ilé ìwòsàn alábọ́dé, pásítọ̀, lèmọ́mù àti àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú bá sọ fún yín lóṣooṣù. Ẹ ní ìwé B: ohun tí àwọn onílé fẹnu ara wọn sọ nígbà tí ẹ bá lọ láti ilé dé ilé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tó ń kọ B kò gbọ́dọ̀ rí A. Bí ó bá rí i, á kàn máa wá àwọn tó ti wà níbẹ̀ kiri ni, gbogbo ìṣirò tó ń bọ̀ yìí á sì dòfo.

Lópin ọdún, ẹ gbé méjèèjì síwájú, kí ẹ sì fi wọ́n wéra. Ẹ má gbára lé orúkọ ọmọ nìkan, torí ọmọ kan lè ní orúkọ Ẹ̀gùn nílé, orúkọ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ Yorùbá nílé ìwé. Orúkọ ìyá, nọ́ńbà ilé àti oṣù ìbí ni kó bára mu.

Ká sọ pé A ní ìbí 40, B ní 45, àwọn tó wà nínú méjèèjì jẹ́ 36. Ó túmọ̀ sí pé 4 wà nínú A nìkan, 9 wà nínú B nìkan. Iye tó bọ́ lọ́wọ́ ìwé méjèèjì ni 4 × 9 ÷ 36, ìyẹn 1. Lápapọ̀: 36 + 4 + 9 + 1 = 50. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Chandra Sekar àti Deming, tẹ̀ jáde ní 1949 nìyí, lẹ́yìn tí wọ́n fi ìwé ìbí àti ikú àgbègbè Singur, nítòsí Calcutta ní Íńdíà, dán an wò. Ẹwà rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ díwọ̀n àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ìdílé kan bá ń sá fún ìwé méjèèjì, kò ní fara hàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìṣirò náà

Àwọn nọ́ńbà tí mo fẹ́ lò yìí, mo kàn fi ṣàpẹẹrẹ ni. Wọn kì í ṣe ti Gberefu, erékùṣù tó wà lódìkejì ọ̀sà sí Àgbádárìgì, tàbí ti ìlú kankan.

Erékùṣù kan ní ará 1,620 níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Wọ́n bí 50, 14 kú, 24 kó wọlé, 100 kó jáde. Lópin ọdún: 1,620 + 50 − 14 + 24 − 100 = 1,580. Ẹ má fi ti ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ti òpin ṣe ìpín. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: 1,600. Iye àárín ọdún nìyẹn, òun ló máa wà nísàlẹ̀ gbogbo ìlà.

Ìwọ̀n ìbí: 50 ÷ 1,600 × 1,000 = 31.25 nínú ẹgbẹ̀rún.
Ìwọ̀n ikú: 14 ÷ 1,600 × 1,000 = 8.75.
Ohun tí ìbí fi ju ikú lọ: 22.5.
Ohun tí ọkọ̀ kó lọ lẹ́yìn tí a yọ ohun tó kó wá: 76 ÷ 1,600 × 1,000 = 47.5.
Èrò wá dín ní 25 nínú ẹgbẹ̀rún.

Agbẹ̀bí kò purọ́, ọlọ́kọ̀ náà kò purọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọmọ tí obìnrin kan máa bí bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ yìí, ìwọ̀n ìbí òkè yìí kò ní sọ ọ́ fún yín, torí ó ka arúgbó àti ọkùnrin mọ́ ọn. Ẹ pín àwọn obìnrin ọdún 15 sí 49 sí ẹgbẹ́ méje, ọdún márùn-ún márùn-ún. Fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ pín iye ọmọ tí wọ́n bí fún iye obìnrin ibẹ̀. Nítorí pé ìlú kéré, ẹ kó ọdún márùn-ún pọ̀: bí obìnrin ọdún 25 sí 29 bá jẹ́ 70 lọ́dọọdún, ìyẹn 350 ní ọdún márùn-ún, tí wọ́n sì bí 77, ìdáhùn ni 0.22. Ká sọ pé ẹgbẹ́ méjèèje fún yín ní 0.06, 0.19, 0.22, 0.20, 0.15, 0.09 àti 0.03. Ẹ rò ó pọ̀, 0.94. Ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí obìnrin kan ń lo ọdún márùn-ún nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: 4.7. Ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà fi 5.3 lélẹ̀ ní 2018, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí 4.8 nínú ti 2023 sí 2024, nítorí náà ẹ ti ní ohun tí ẹ lè fi tiyín wé.

Ìwọ̀n ikú ni kí ẹ ṣọ́ra jù láti fi wé ti ẹlòmíràn. Ní Japan, ìwọ̀n ikú ti ju 12 nínú ẹgbẹ̀rún lọ, ó ju ti erékùṣù àpẹẹrẹ wa yìí lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó máa sọ pé ìlera tiwa dára ju tiwọn lọ. Arúgbó ló pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí yín: bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń kó lọ sí Èkó, tó ku àwọn bàbá àti ìyá àgbà, ìwọ̀n ikú á máa gòkè láìjẹ́ pé omi bàjẹ́ tàbí nọ́ọ̀sì kò sí. Ẹ ka ikú ní ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó pariwo.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nọ́ńbà kékeré máa ń fò

Bí ẹ kò bá ní rántí nǹkan mìíràn nínú gbogbo èyí, ẹ rántí apá yìí. Nínú ọmọ 50 tí wọ́n bí lọ́dún yìí, 3 kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 60 nínú ẹgbẹ̀rún. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n tún bí 50, 1 kú: 20 nínú ẹgbẹ̀rún. Olóṣèlú kan á dìde pé òun ti gé ikú ọmọdé sí ìdá mẹ́ta láàárín ọdún kan. Ọmọ méjì péré ni ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀fúùfù òru kan tó dojú ọkọ̀ aboyún dé ti tó láti yí i padà.

Ọ̀nà tí àwọn ọ́fíìsì ìṣirò ní àwọn orílẹ̀-èdè erékùṣù kéékèèké ń gbà ni kí wọ́n kó ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún pọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ọdún márùn-ún fún yín ní ìbí 240 àti ikú ọmọ jòjòló 11. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bíi 46 nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹ wá wo bó ṣe lè fò tó: ẹ tẹ 11 sínú ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ tẹ àmì √, ẹ sọ ìdáhùn di ìlọ́po méjì. Ẹ máa rí bíi 6.6. Ikú 11 yẹn lè jẹ́ èso ipò kan tí ó lè fún yín ní ohunkóhun láàárín 4 sí 18. Nítorí náà ìwọ̀n gidi lè wà níbikíbi láàárín 18 àti 74. Ó fẹ̀, mo mọ̀, ó sì máa ń bí àwọn tó fẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ 46 láìkọ 18 àti 74 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó mọ ohun tí kò mọ̀.

Ikú 14 ti ọdún kan náà ńkọ́? √14 ìlọ́po méjì jẹ́ bíi 7.5. Bí ó bá di 20 lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wádìí, ẹ béèrè ohun tó pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ̀lú. Bí ó bá di 30, ẹ pe ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ keje: ọkọ̀ tí kò ní ìwé

Orílẹ̀-èdè bíi Tuvalu ní pápákọ̀ òfurufú kan ṣoṣo, wọ́n lè ka ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Àwa kò ní. Kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ìrìnnà láàárín Marina àti erékùṣù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kó lọ kì í dágbére. Wọ́n kàn sọ pé àwọn ń lọ wá iṣẹ́, ọdún sì yí po.

Ẹ kà á láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti ní ìwé orúkọ ọdún méjì, ẹ yọ ti ìṣáájú kúrò nínú ti ìkẹyìn, kí ẹ tún yọ ohun tí ìbí fi ju ikú lọ. Ohun tó kù ni ọkọ̀ ṣe. Nínú àpẹẹrẹ wa: 1,580 − 1,620 − 36 = −76. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n gbogbo àṣìṣe yín nínú kíkà ìbí, ikú àti èrò á lọ sá pamọ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ fi nǹkan mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀: ìwé orúkọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo àwọn tó wà ní kíláàsì kẹta lọ́dún tó kọjá tí wọn kò sí ní kíláàsì kẹrin. Ẹ tún mú orúkọ tó wà nínú ìwé ọdún tó kọjá tí kò sí nínú ti ọdún yìí, kí ẹ tọpa wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó kú ni, ó kó lọ ni, àbí àwa la gbàgbé rẹ̀? Ní ìlú tí èrò rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì, èyí ṣeé ṣe. Ohun tí orílẹ̀-èdè ńlá kò lè ṣe láé nìyẹn, ẹ lo àǹfààní yín.

Bí ìkànìyàn méjì bá jìnnà síra, tí ẹ sì fẹ́ mọ bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún láàárín wọn, ẹ lo àmì ln tó wà lórí ẹ̀rọ ìṣirò. São Tomé àti Príncipe, aládùúgbò wa nínú omi, ní bíi 137,600 ènìyàn ní 2001, ó sì di bíi 178,700 ní 2012. Ẹ pín èkejì fún èkíní, 1.299. Ẹ tẹ ln, 0.26. Ẹ pín in fún ọdún 10.7 tó wà láàárín wọn: bíi 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹ pín 70 fún 2.4, ẹ máa rí i pé bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, èrò ibẹ̀ á di ìlọ́po méjì ní bí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ohun tí ẹ máa gbé jáde

Ní ìlú kékeré, nọ́ńbà náà lè tú àṣírí. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “obìnrin 1, ọdún 20 sí 24, àrùn báyìí ló pa á”, gbogbo ìlú ti mọ ilé tí ẹ ń sọ. Ohunkóhun tí kò bá tó márùn-ún, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó pa ènìyàn kì í jáde nínú ìwé tí ìlú máa rí, nọ́ọ̀sì ni ẹ máa kó o fún. Ìwé orúkọ gan-an, ẹ tì í mọ́ inú àpótí, kí ẹnìkejì ní ẹ̀dà rẹ̀ lódìkejì omi, torí ìkún omi kì í kọ lẹ́tà kó tó dé.

Ẹ kó orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì ní ìwé ẹ̀rí ìbí fún òṣìṣẹ́ àjọ ìkànìyàn tó wà nítòsí yín. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́ kó wá lọ́jọ́ kan, kí ìlú san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ó yá ju kí ìyá ogójì máa sọdá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá sì béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ yín kí ìwé yín tó pé ọdún mẹ́ta, ẹ fún wọn ní iye èrò, iye ọmọ tó tó ilé ìwé lọ, àti iye ìbí pẹ̀lú bó ṣe lè fò tó. Ìwọ̀n ikú ọmọ jòjòló, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni.